Wọ́n Lé Sìgá Kúrò ní Họ́ọ̀lù, Ó Bá Mi ní Kíṣìnì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń dùn mí látọjọ́ pípẹ́. Ohun tí ojú mi rí ní Ọ̀wọ̀ nígbà tí mo ń dáná fún kíláàbù kan ni. Ó ti pẹ́ o, ayé ìjọba ológun ni, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tínú ń bí, kó yáa rékọjá!

Ọmọ Ọ̀kà Àkókó ni mí. Ọ̀wọ̀ ni mo ti wálé ọkọ. Ọkọ mi, Bàbá Ṣọlá, ń ṣe tíṣà ní Ìpele nígbà náà, ẹ̀yin náà sì mọ bí owó oṣù tíṣà ṣe máa ń rìn láyé ìgbà yẹn. Bó bá wù ú, á dé. Bí kò bá wù ú, kò ní í dé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló bá wa wá ọ̀nà. Òun ni alága kíláàbù kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣòwò dá sílẹ̀ nílùú. Ó ní obìnrin tó ń dáná fún wọn ti kó lọ sí Àkúrẹ́, ṣé n ó lè ṣe é? Mo ní mo lè ṣe é dáadáa. Láti ìgbà náà, kíṣìnì yẹn la fi ń jẹun nílé, òun la sì fi ń rán ọmọ níwèé.

N kò ní í dárúkọ bàbá náà níbí. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, áńbọ̀sìbọ́sí ẹ̀gbọ́n tó rán ọkọ ẹni nílé-ìwé láti kékeré títí dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é, Ẹ̀gbọ́n náà ni n ó sì máa pè é.

Ohun kan ṣì kù tó yẹ kí ẹ mọ̀. Mo ní ásímà. Láti kékeré ló ti ń bá mi jà. Bó bá dé, ọ̀nà ọ̀fun mi á fún, àyà mi á máa dún hìì-hìì, èémí á wọlé, kò ní í fẹ́ jáde. Oògùn rẹ̀ tí mo máa ń fà sẹ́nu kì í kúrò ní etí ìró mi. Kò sì sí ohun tó ń jí i dìde bí èéfín sìgá.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹ́ sọ ọ́ báyìí: “Ìyá Ṣọlá, ṣebí igi lo fi ń dáná?” Wọ́n sọ ọ́ fún mi títí ó fi sú mi. Bẹ́ẹ̀ ni, igi ni mo fi ń se ọbẹ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni ààrò mi wà, mo sì mọ ibi tí èèyàn ń dúró sí tí atẹ́gùn fi ń gbé èéfín kọjá lọ. Inú kíṣìnì, sítóòfù ni mò ń lò. Àti pé èéfín igi ni mo fi ń wá oúnjẹ fún ọmọ mi. Èéfín sìgá wọn, kí ló fún mi jẹ rí?

Ẹ wá wo họ́ọ̀lù wọn. Wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù sí i, nítorí náà wọ́n máa ń ti gbogbo fèrèsé pa kí òtútù má bàa jáde. Èéfín náà kì í sì í jáde. Bí mo bá fẹ́ gbé iyán wọlé, ẹnu ọ̀nà ni n ó ti fa èémí sínú, n ó pa ẹnu dé, n ó gbé abọ́ kalẹ̀, n ó sáré jáde kí n tó mí. Ẹ ti rí ẹni tó ń mòòkùn lórí ilẹ̀ gbígbẹ rí? Èmi nìyẹn, lójoojúmọ́.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ nìkan ló ń mu ún nínú họ́ọ̀lù o. Àwọn kékeré kò jẹ́ dán an wò. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ nílé kì í mu sìgá lójú àgbà, ká má tilẹ̀ sọ lójú àna. Ọ̀gá báńkì kan wà nínú wọn, ọkùnrin onírùngbọ̀n, ọmọ mẹ́ta ló ní, bàbá ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà. Bí sìgá bá ń wù ú mu, á ní òun ń lọ wo mọ́tò òun. Ẹ̀yìn kíṣìnì mi lẹ ó ti bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á lóṣòó bí ọmọ iléèwé tó sá kúrò ní kíláàsì. Ìta ni, atẹ́gùn ń fẹ́. N kò bá wọn jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà rèé. Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Wolé-wolé nítorí iṣẹ́ tó ṣe kó tó fẹ̀yìntì. Aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí, kì í mutí, kì í mu sìgá, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni ilé rẹ̀ kejì. Níbi ìpàdé oṣù kan ló ti dìde, ó ní ìjọba ti ń ṣòfin lórí sìgá ní àwùjọ, ó sì tó àkókò kí kíláàbù náà fòfin dè é nínú họ́ọ̀lù.

Họ́ọ̀lù dà rú! Èmi ń gbé bíà àti ẹran dídín kiri nígbà náà, nítorí náà kò sí ohun tí n kò gbọ́. Kọngiráátọ̀ kan, ọmọ Ìdóànì, ní ilé sinimá àti ọ́fíìsì ni òfin ìjọba wà fún, kò kan ibi tí àwọn ọkùnrin ti fi owó ara wọn kọ́ ilé fún ìgbádùn ara wọn. Ẹlòmíràn ní bí wọ́n bá fòfin de sìgá, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á kó lọ sí ilé ọtí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò páàkì, ta ni yóò wá ra bíà tó wà nínú fíríìjì?

Ẹ̀gbọ́n náà sọ̀rọ̀. Ó ní ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, tí ìjọba ti fìyà jẹ, tí ìyàwó tún ń dúró dè é nílé, ìgbádùn kékeré tó kù fún un náà ni wọ́n tún fẹ́ gbà? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní kò sí bí wọ́n ṣe lè sọ fún ọmọkùnrin Ọ̀wọ̀ pé kó má ṣe ohun tó wù ú.

Ni Bàbá Wolé-wolé bá rọra dìde. Ó bi í pé nígbà Igogo, ta ló ń lu ìlù ní Ọ̀wọ̀? Ta ló ń dé fìlà? Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ìlú náà, Igogo ni ọdún wa tó tóbi jù. Títí yóò fi parí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu ìlù, ọkùnrin kò gbọdọ̀ dé fìlà, obìnrin kò gbọdọ̀ wé gèlè. Agogo ni wọ́n ń lù. Bàbá náà ní ohun tí gbogbo ìlú ń gbádùn la ń kà léèwọ̀ lọ́dọọdún, ó ṣe jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kú? Ẹ̀gbọ́n pàápàá rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá náà ti mú òun.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wá ń jiyàn lé lórí o. Ẹnì kan ní sìgá ti jó kọ́tìnnì. Òmíràn ní ìyàwó òun ń ráhùn pé agbádá òun ń rùn. Òmíràn ní ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe sọ pé èéfín ń bà á jẹ́. Kọ́tìnnì! Agbádá! Ẹ̀rọ! Èmi tí mo dúró láàárín wọn, tí mo gbé àwo, tí mò ń wúkọ́, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí n lọ wúkọ́ níta kí àwọn lè gbọ́ ohun tí alága ń sọ.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Tèmi, ojú mi kòrókòró ni wọ́n ṣe fá a.

Nígbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n ní kí àwọn tí kò fẹ́ òfin náà nawọ́. Mo mọ gbogbo àwọn tó ń mu sìgá nínú ẹgbẹ́ yẹn, torí ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń sá wá. Bí gbogbo wọn bá nawọ́, òfin náà kò lè wọlé láéláé. Ṣùgbọ́n ta ló máa nawọ́ lójú àna rẹ̀ pé sìgá dùn mọ́ òun? Ọwọ́ àwọn àgbà mélòó kan ló lọ sókè. Nígbà tí wọ́n wá ní kí àwọn tó fẹ́ ẹ nawọ́, ọwọ́ ọ̀gá báńkì ló ga jù. Bàbá ìyàwó rẹ̀ yíjú wò ó, ó mi orí, inú rẹ̀ dùn sí ọmọ dáadáa tí ọmọ rẹ̀ fẹ́.

Báyìí ni òfin ṣe wọlé. Àwọn amusìgá ló fi ọwọ́ ara wọn dìbò fún un.

Mo jó ní kíṣìnì lọ́jọ́ náà. Èmi nìkan, láàárín ìkòkò. Mo mú itan ọ̀yà kan tó sanra, ọ̀yà Elégbékà, ìlú ẹran ìgbẹ́, tí mo tọ́jú, mo gbé e síwájú Bàbá Wolé-wolé, mo kúnlẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún wa. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu. Kò bi mí pé kí ni mo ń dúpẹ́ fún.

Ayọ̀ mi kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, òjò ń rọ̀. Mo ń bẹ iṣu lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá báńkì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹ̀yìn ilé ti rin fún òjò, wọ́n ní kí n má bínú, àwọn kàn fẹ́ dúró díẹ̀ ni. Kí wọ́n tó mu sìgá wọn dé ìdajì, ta ni mo tún rí lẹ́nu ọ̀nà? Ẹ̀gbọ́n! Ó gbé àga rẹ̀ dání, kọngiráátọ̀ ará Ìdóànì tẹ̀ lé e.

Ó ní, “Ìyàwó wa, wọ́n ti lé wa jáde nílé. Ṣé wàá gbà wá lálejò?”

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ káàbọ̀ sà.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí àwọn kékeré ṣe gbóhùn Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n fò wọ yàrá tí mò ń kó iṣu sí, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn, wọ́n sì ń mu tiwọn lọ níbẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe pín kíṣìnì mi. Àwọn àgbà mú ẹnu ọ̀nà, àwọn kékeré mú ọ̀dọ̀ iṣu. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bù fún ara wọn pọ̀ jọjọ, àfi èmi nìkan ni kò kàn.

Wọ́n tún wá ti ilẹ̀kùn tó já sí họ́ọ̀lù. Ẹ mọ ìdí? Kí èéfín má bàa wọ họ́ọ̀lù, kí wọ́n má bàa rú òfin! Òjò ti mú ká ti fèrèsé. Èmi, sítóòfù, ìkòkò, àti sìgá mẹ́fà méje, ó di inú yàrá kan.

Kọngiráátọ̀ bi Ẹ̀gbọ́n bóyá kò sí nǹkan kan nínú bí àwọn ṣe wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní rárá. Ó ní nígbà Igogo, ìlù ni wọ́n kà léèwọ̀, wọn kò ka agogo léèwọ̀. Họ́ọ̀lù ni wọ́n kà léèwọ̀ fún àwọn, kò sẹ́ni tó dárúkọ kíṣìnì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Èmi náà ń wúkọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ló fà á.

Ó di bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Òjò ìbáà rọ̀, kó má rọ̀, kíṣìnì mi ti di ilé sìgá. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wọlé. Wọ́n ń fi ìdérí ìkòkò mi gba eérú. Wọ́n á máa ṣí ọbẹ̀ wò, wọ́n á mú ẹran kan jẹ, wọ́n á ní, “Ìyàwó, ọwọ́ rẹ dùn.” Iṣu mi ń rùn sìgá, aṣọ mi ń rùn sìgá. Ṣọlá ọmọ mi ní òun kò fẹ́ kí n gbé òun mọ́ra mọ́, pé mò ń rùn bíi páàkì.

Mo lọ bá Bàbá Wolé-wolé. Òun ló mú òfin wá, ṣé kì í ṣe òun ló yẹ kó gbọ́? Inú họ́ọ̀lù ni mo bá a, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn nínú atẹ́gùn tútù. Mo ṣàlàyé fún un, mo sọ fún un pé mo ní ásímà. Ó ṣe pẹ̀lẹ́ fún mi. Ó ní họ́ọ̀lù ló wà nínú ìpinnu, kíṣìnì kò sí níbẹ̀, àwọn yóò gbé e yẹ̀wò tó bá yá. Ó wá ń fi họ́ọ̀lù hàn mí, pé ṣé mo rí bí ibẹ̀ ṣe mọ́ tónítóní, pé ìyàwó òun pàápàá wá síbẹ̀ ó sì yìn ín.

Ó ní kí n bá òun mú omi tútù wá.

Mo mú un wá o. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn ni inú bí mi sí jù nínú gbogbo wọn, títí dòní. Àwọn tó ń mu sìgá kò mọ̀, tàbí ká ní wọn kò fẹ́ mọ̀. Òun mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kó máa wo ilé onílé pé ìdọ̀tí ò gbọdọ̀ pa wọ́n. Ìgbà tí ìdọ̀tí ti kúrò lójú tirẹ̀, ó parí.

Mo sọ fún ọkọ mi. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi nígbà náà pé bí n kò bá kúrò nínú èéfín, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n ó fa oògùn tí kò ní í ṣiṣẹ́. Bàbá Ṣọlá tẹ́tí gbọ́ mi, ó dorí kodò. Ó ní, “Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n? Ẹni tó tọ́ mi?” Mo ní ṣé ó fẹ́ kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀? Ó ní kí la máa jẹ? Mo ní ṣé ó fẹ́ kí n kú? Ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀, pé òun á wá ọ̀nà tí òun máa gbà sọ ọ́. Mo dúró títí, n kò rí ọ̀nà kankan.

Ọjọ́ tó parí ọ̀rọ̀ náà, Sátidé ni, ọ̀sán. Wọ́n ń ṣe ìdágbére fún ọmọ ẹgbẹ́ kan tó fẹ̀yìntì, àlejò sì ti Àkúrẹ́ wá. Òjò tún dé. Wọ́n kún kíṣìnì mi fọ́fọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo ti se iṣu tán, mo ti dà á sódó, mo ti ń gún un.

Ẹ̀gbọ́n ń sọ ìtàn kan, ó ń ju ọwọ́. Eérú já lẹ́nu sìgá rẹ̀, ó bọ́ sínú odó mi, sórí iyán funfun. Mo dúró, mo ń wò ó. Ó wo inú odó, ó ní kí n fẹ́ ẹ dànù, pé kò pààyàn.

N kò tíì dáhùn tí àyà mi fi dí. Mo tú etí ìró mi, mo fa oògùn, kò ṣiṣẹ́. Mo tún fà á. Mo rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, n kò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀, mo ṣáà mọ̀ pé inú òjò ni mo jókòó sí, lórí ilẹ̀, mo la ẹnu, èémí kò wọlé, kò jáde. Ohun tí mò ń rò ni pé Ṣọlá kò tíì jẹun ọ̀sán.

Wọ́n sáré jáde. Kọngiráátọ̀ ń fi fìlà fẹ́ mi, sìgá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó jù ú nù, ohùn kò jáde. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n ń sọ pé, “Ẹ gbé e lọ sí họ́ọ̀lù. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló mọ́.”

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ! Wọ́n mọ̀. Gbogbo wọn ló mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ àti ibi tí kò ti mọ́.

Wọ́n gbé mi jókòó sórí àga nínú họ́ọ̀lù. Díẹ̀díẹ̀, oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, àyà mi tú. Bàbá Wolé-wolé wá, ó tẹ̀ sétí mi, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n bí ara bá ti le díẹ̀, àwọn àlejò ń retí iyán.

Mo ní kò burú, sà.

Mo dìde, mo wọ kíṣìnì. Wọ́n ti tún tanná sí sìgá mìíràn. Mo da iyán eléérú yẹn nù, mo fọ odó, mo sì yí i wọ họ́ọ̀lù. Àárín gbùngbùn ni mo gbé e sí, níwájú tábìlì alága. Mo padà lọ gbé iṣu tó kù àti ọmọ odó méjèèjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni, ẹ mọ bí yóò ṣe máa dún. Gíláàsì ń jó lórí tábìlì. Ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ ìdágbére dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ti kíṣìnì jáde wá, ó ní, “Kí lò ń ṣe yẹn?”

Mo fi ọmọ odó sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. “Iyán ni mò ń gún, sà.” Mo dìde, mo tún ń gún un.

Ó ní, “Ṣé ibí ni wọ́n ti ń gúnyán?”

Mo tún kúnlẹ̀. “Ibí ni afẹ́fẹ́ ti mọ́, sà. Ẹ ò sì ṣòfin pé kí n má gúnyán níbí.” Mo dìde, mo gún un. Ẹlẹ́rìí mi ni Ọlọ́run, n kò gbé ohùn sókè sí i, n kò sì dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò dá odó náà dúró.

Bí ọkọ mi ṣe wọlé nìyẹn, agbòjò lọ́wọ́, ó wá mú mi lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí i. Tí inú bá ń bí bàbá yẹn, èdè Ọ̀wọ̀ ló máa ń bọ́ sí. Ó ní, “Wá mú aya rẹ lọ ulé! Orí rẹ̀ ti dàrú.”

Bàbá Ṣọlá wò mí. Aṣọ mi tutù rin, ẹrẹ̀ wà lórúnkún mi. Ó bi mí pé kí ló ṣe mí. Ọmọ odó ni mo tún gbé sókè. Kọngiráátọ̀ ló sọ fún un pé mo fẹ́ kú sí ẹ̀yìn kíṣìnì níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn.

Ọkọ mi gbé agbòjò sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó mú ọmọ odó kejì. Tèmi lọ sókè, tirẹ̀ wálẹ̀, tirẹ̀ lọ sókè, tèmi wálẹ̀. Níwájú àlejò Àkúrẹ́, níwájú ẹni tó rán an nílé-ìwé. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ wò ó, òfin tí wọn kò rí àyè ṣe láti ìgbà tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀, ìdúró ni wọ́n ṣe é lọ́jọ́ náà. Wọ́n kóra jọ sí igun kan, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sì gbé ohùn sókè kí gbogbo họ́ọ̀lù lè gbọ́ ọ lórí ariwo odó. Ó ní àwọn ti pinnu pé láti ìsinsìnyí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu sìgá ní kíṣìnì mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún, kó lọ sí ìdí ọgbà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

Ó wá sọ ìdí rẹ̀. Ó ní kí iyán gígún má bàa máa da àpèjẹ àwọn rú ni.

Mo dá ọmọ odó dúró, mo ń retí kó sọ ìyókù. Ìyókù kò sí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n gbé odó padà sí àyè rẹ̀, ọkọ mi sì bá mi yí i jáde.

Kíṣìnì mi mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, èmi náà sì mí, Ọlọ́run ṣeun. Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí wọ́n fi gbé ọkọ mi kúrò ní Ìpele. Ẹ̀gbọ́n kò dá ìkíni mi padà dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Bàbá Wolé-wolé ń sọ kiri ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ló lé sìgá kúrò nínú gbogbo ọgbà kíláàbù, wọ́n sì ń kí i kú iṣẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé, “Ìyá Ṣọlá, pẹ̀lẹ́ o, a ò rò ó kàn ọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n fi àyà mi sílẹ̀, wọ́n gba tetí ara wọn rò.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju ọ̀kan lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lónìí, mo ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń jiyàn bóyá kí wọ́n fòfin de sìgá ní ilé ọtí àti ilé oúnjẹ. Wọ́n ń sọ ti oníbàárà, wọ́n ń sọ ti onílé ọtí, wọ́n ń sọ ẹ̀tọ́ amusìgá. N kò gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ ẹni tó ń gbé abọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé abọ́ rí, ẹ̀yin tí ẹ ti fọ gíláàsì rí, tí ẹ ti jókòó sí ọ́fíìsì kan náà pẹ̀lú ọ̀gá tó ń mu sìgá, kí lojú yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, n ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣòfin, kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ pé ẹ ti lé èéfín jáde, ẹ bá mi wo ibi tó gbà lọ. Ẹnì kan wà níbẹ̀.